Ẹ Gba Ìwé Kí Iléyá Tó Dé

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣe kásúà ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, àmọ́ Iléyá ń bọ̀, Ojúde Ọba sì ń tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kẹta. Àsìkò yẹn ni ìjà owó máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún kan, mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá gan-an látàárọ̀ dalẹ́, ẹran ń rùn wá láti àdúgbò. Nígbà tówó dé, iye ojoojúmọ́ náà ni, kò sí àfikún kankan fún ọjọ́ ọdún. Mo pariwo títí, súpáfáísọ̀ ní, "Ìwé dà?" Ẹnu mi wọhò.

Ẹ béèrè ìwé. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní kí oṣù 3 tó kọjá lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó sọ owó iṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bá wọn sọ ti ọjọ́ ọdún. Tí wọn ò bá tíì fún yín, ẹ ra ẹsasáìsì kan, ẹ máa kọ gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ìgbà tẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ sì má pa àlẹ́ẹ̀tì báńkì rẹ́.

Tíṣẹ́ bá wá bọ́ ńkọ́? Owó tí ìjọba òkè òkun máa ń fún ẹni tí ò níṣẹ́ ò sí níbí. Àmọ́ bí wọ́n bá ń yọ owó pẹ́ńṣàn yín, tíṣẹ́ bọ́ kẹ́ ẹ tó pé 50 ọdún, tẹ́ ẹ ò sì rí òmíràn fún oṣù 4, ẹ lè gbà tó ìdá 25 nínú 100 owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá owó tí wọ́n ń yọ ń dé inú àkáǹtì o!