Ìrírí mi: asẹ́ YBCO olójú pẹlẹbẹ fún 10 GHz

Asẹ́ ìgbì tó máa gba 10 GHz kọjá ni mo ń wá, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ (àyè fíríkúẹ́ńsì tó máa gbà kọjá) má sì fẹ̀ ju 200 MHz lọ. Ní ẹnu ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀, bàbà pẹlẹbẹ á jẹ nínú ìgbì náà jù. YBCO (àdàpọ̀ yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn) ni mo lò, superconductor (ohun tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà bó bá tutù tó) tí náítírójìn olómi (77 K) tó láti mú ṣiṣẹ́, nítorí bíi 92 K ló ti ń yí padà. Ẹ má rò pé àdánù rẹ̀ di òdo o. Iná DC (èyí tí kì í yí ìhà padà) nìyẹn wà fún. Ní ìgbì gíga, díẹ̀ ṣẹ́kù, bí fíríkúẹ́ńsì bá sì di ìlọ́po méjì, díẹ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Awọ YBCO 300 nm lórí pẹlẹbẹ MgO (magnesium oxide) tó nípọn 0.5 mm ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà àárín fẹ̀ 100 µm, àlàfo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 44 µm, ìyẹn sì fún mi ní 50 Ω, ìdènà tí wáyà àti ẹ̀rọ ìgbì sábà máa ń lò. Rẹ́sónétọ̀ (ègé ìlà tó ń dún sí fíríkúẹ́ńsì kan) mẹ́ta tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 6.48 mm. Ojú awọ kan péré ló gba gbogbo rẹ̀, torí gíráùńdì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àárín lọ́tùn-ún lósì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Kọ̀ǹpútà tó ka awọ náà sí irin tí kò ní àdánù rárá sọ fún mi pé 10.00 GHz ni, àmọ́ 9.89 ni mo bá ní 77 K. Àwọn elékítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná náà ní ìwúwo tiwọn, wọn kì í tètè yí padà, bí ẹni fi kún gígùn wáyà ni. Ìdajì ẹnu ọ̀nà mi lọ síbẹ̀! Mo gé 70 µm kúrò nínú rẹ́sónétọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán, mo sì ṣe òmíràn. Bí awọ bá fẹ́lẹ́ jù báyìí lọ, tàbí bí ó bá súnmọ́ 92 K, yíyẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Nítorí náà ẹ mọ ooru tí ẹ máa lò kí ẹ tó ya ohunkóhun.

Wúrà 200 nm ni mo kọ́kọ́ dà sórí ibi tí wáyà máa fẹsẹ̀ lé, mo sì yan án nínú ọ́síjìn ní 450 °C. Lẹ́yìn náà ni photoresist (ohun tí a ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán sí lára). Omi ni ọ̀tá YBCO, omi ló sì wà nínú oògùn tó ń fọ photoresist, nítorí náà mi ò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ rárá, mo sì fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, etí ìlà á dà bí ewé tí kòkòrò jẹ, bẹ́ẹ̀ etí gan-an ni iná máa ń pọ̀ sí jù. Ayọ́nù ágọ́ọ̀nù ni mo fi gé e, ìṣẹ́jú márùn-ún iṣẹ́, márùn-ún ìsinmi, kí ooru má baà lé ọ́síjìn jáde nínú YBCO.

Táítáníọ̀mù ni àpótí rẹ̀. Alumíníọ̀mù máa ń sún kì ju ìlọ́po méjì ti MgO lọ nígbà tó bá ń tutù, á sì fọ́ ọ. Wáyà wúrà 25 µm, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ló so ìlà mọ́ ẹnu àpótí: mílímítà kan péré ti wáyà kan jẹ́ bíi 1 nH (inductance), ìdènà 63 Ω nìyẹn ní 10 GHz. Mo tún fi wáyà gba orí ìlà àárín kọjá níwájú àti lẹ́yìn àlàfo kọ̀ọ̀kan tó ya rẹ́sónétọ̀ sọ́tọ̀, kó so gíráùńdì méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fò ó á rí kókó kan tó yọ níbi tó yẹ kí asẹ́ ti dí.

Nínú fákúùmù (ibi tí kò sí afẹ́fẹ́) ni mo ti mú un tutù, tí mo sì fi agbára ìgbì kékeré, –20 dBm, wò ó. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ títí dé bíi 90 K, àfi bí ẹnu ọ̀nà ṣe yọ lójijì, tó sì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tutù sí i. Bí agbára ìgbì bá pọ̀ jù, orí ẹnu ọ̀nà náà á tẹ́. Mi ò ṣí àpótí náà àfi ìgbà tó gbóná padà tán pátápátá, torí ìrì tó bá bọ́ sórí YBCO tútù kì í fi etí ìlà sílẹ̀ bó ṣe bá a.