Kí Wi-Fi tó dé yàrá: ibi tó yẹ kí ráútà wà nínú ilé búlọ́ọ̀kù

Ráútà tó ń lo síìmù ló pọ̀ jù nínú ilé wa, ọ̀nà méjì sì ni íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbà kó tó dé fóònù yín. Èkíní ni láti orí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé ráútà. Èkejì ni Wi-Fi, láti ráútà dé fóònù. Ẹ má ra dátà kún dátà, ẹ má sì ra ráútà tuntun, kí ẹ tó mọ èwo nínú méjèèjì ló ń dà yín láàmú.

Ẹ dúró ní mítà 1 sí ráútà, kí ẹ wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára sí lórí fóònù. Ẹ lọ sí yàrá tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ti ilẹ̀kùn bí ẹ ṣe máa ń tì í, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá yára nítòsí ráútà tó wá ń falẹ̀ ní yàrá, Wi-Fi ni. Bó bá ń falẹ̀ níbi méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà òpó.

Ẹ ṣí ojú-ìwé ráútà nínú búráúsà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Ẹ wá RSRP níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì òpó tó dé ọ̀dọ̀ ráútà ṣe lágbára tó. Àmì ìyọkúrò ló wà níwájú rẹ̀, nítorí náà èyí tó sún mọ́ òdo jù ló dára jù. -80 dára gan-an, -100 ń tiraka, -110 lọ sísàlẹ̀ á máa já. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ náà: bó bá fi 3 lọ sílẹ̀, agbára ti dín sí ìdajì, bó bá fi 10 lọ sílẹ̀, ìdá kan nínú 10 ló kù.

Ẹ gbé ráútà dé ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá mú wá sílẹ̀. Níbi tó bá ti dára jù, ẹ tún sún un díẹ̀díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ìgbì tó wá tààrà láti orí òpó àti èyí tó ta padà lára páánù ilé kejì máa ń pàdé. Níbi kan wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, bí ẹ bá sún un díẹ̀ sí i, wọ́n á pa ara wọn.

Bí RSRP bá dára, tí íntánẹ́ẹ̀tì yára ní aago 5 ìdájí, tó wá ń falẹ̀ ní aago 8 alẹ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó. Gbígbé ráútà káàkiri kì í sábà tún ìyẹn ṣe. Ẹ yá síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn dán wò.

Ó ku Wi-Fi. Ìgbì rẹ̀ ń gba inú pákó àti aṣọ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Búlọ́ọ̀kù ń jẹ nínú rẹ̀, dẹ́kìn tí irin wà nínú rẹ̀ ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin ń dá a padà, omi ń mu ún. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, orí fíríìjì àti ẹ̀gbẹ́ táńkì omi kò fi dára fún ráútà. Jígí ńlá pàápàá ń dí i lọ́wọ́: irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pa ẹ̀yìn rẹ̀ tí a fi ń rí ara wa. Ẹ tún wo ibi tí ìgbì ń gbà wọ ògiri. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9, bó bá là á tààrà, ínǹṣì 9 náà ló là. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, ó lè di 18. Torí náà, láàárín fèrèsé méjì tí RSRP wọn sún mọ́ra, ẹ mú èyí tó kọjú sí ilẹ̀kùn àwọn yàrá, kí ẹ sì gbé ráútà sókè tó mítà 1.5 sí 2.

Áńtẹ́nà tó dúró ṣánṣán ń fọ́n ìgbì yí ara rẹ̀ ká bí òṣùká. Òun ló wà nínú ihò àárín. Ohun tó wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀ kì í rí púpọ̀ gbà. Bí ilé yín bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ dá áńtẹ́nà kan dùbúlẹ̀, kí èkejì dúró.

Nínú irú ìgbì tí Wi-Fi ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń bì í ṣubú. Ẹ lò ó ní pálọ̀ tí ráútà wà, kí ẹ fi 2.4 GHz sílẹ̀ fún yàrá tó jìnnà. Wọ́n tún pín ìgbì náà sí ojú ọ̀nà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Lórí 2.4, ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn. Ẹ yan èyí tí àwọn aládùúgbò kò pọ̀ lórí rẹ̀. Máíkírówéèfù náà ń lo ìgbì tó sún mọ́ 2.4, nítorí náà kí ráútà jìnnà sí ilé ìdáná. Bí àmì Wi-Fi bá kún lójú fóònù tí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ kò sì lọ, ẹ rántí pé fóònù náà gbọ́dọ̀ fèsì, agbára tirẹ̀ sì kéré sí ti ráútà.

Ẹ wo ṣájà pẹ̀lú. Ráútà tó béèrè 12V 2A lè tan lórí 12V 1A, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá pọ̀ lórí rẹ̀, á máa kú, á máa jí.

Bí yàrá kan kò bá gbà rárá, ọ̀pọ̀ á lọ ra ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un fọ́n, wọ́n á wá kì í sínú yàrá tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé. Kí ló fẹ́ rí gbà níbẹ̀ tó máa fọ́n? Agbedeméjì ni ibi tirẹ̀, níbi tí Wi-Fi ṣì ti lágbára. Èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wáyà Ethernet, tó lè gùn tó mítà 100, lọ sínú ráútà kejì. Ẹ pa DHCP ráútà kejì, ìyẹn ètò tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn fóònù, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, bíi 192.168.0.2 bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 192.168.0.1, kí ẹ fún un ní orúkọ Wi-Fi àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà, ṣùgbọ́n ṣánẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀. Ihò rẹ̀ tí wọ́n kọ LAN sí ni kí ẹ ki wáyà náà bọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ WAN sí.