Bí mo ṣe kọ́ orin oníkíkà inú Einstein on the Beach

Olórí akọrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ló dá a sílẹ̀. Ó ní tí mo bá gbà pé mo mọ sólífà lóòótọ́, kí n lọ kọ́ orin tó ṣíde ọ́pẹ́rà Einstein on the Beach, kí n wá kọ ọ́ fún òun láìṣìkà. Orin ọ̀hún ò ní ju nọ́ńbà lọ: "one, two, three, four", wọ́n á tún kà á dé "six", wọ́n á tún kà á dé "eight". Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣáà mọ̀ ọ́n kà.

Ìṣẹ́jú méjì ò tíì pé tí mo fi sọnù sínú ẹ̀. Àwọn akọrin máa ń fo nọ́ńbà láti mí, wọ́n á wá ti ibi "two" bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì kan sì tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ka nọ́ńbà tiwọn, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí.

Dùùrù ló yọ mí. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: la, so, do. "La" gba ìlù mẹ́rin, "so" gba mẹ́fà, "do" gba mẹ́jọ, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo pa etí mi dé sí àwọn obìnrin yẹn, mo ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé dùùrù. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo dán "ení, èjì, ẹ̀ta" wò náà, àmọ́ orin yẹn ò gbà kí ohùn gòkè sọ̀ bí èdè wa ṣe ń fẹ́. Ó ń dún bí àkàlòlò.

Philip Glass tó kọ orin ọ́pẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé torí kí àwọn akọrin lè há orin náà sórí lòun ṣe fi nọ́ńbà àti sólífà sí i. Ìgbà tó yá, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun táwa náà ń ṣe nìyẹn ní gbogbo alẹ́ ìdánrawò, àfi pé àwa máa ń padà wá fi ọ̀rọ̀ sí i.

Mo wá jókòó wo odindi eré náà, èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ ní Théâtre du Châtelet ní Paris ní 2014. Ẹni tó bá ń retí ìtàn bíi ti Dúró Ládiípọ̀, kó má wulẹ̀ jókòó. Àwòrán ni Robert Wilson tó darí eré náà kọ́kọ́ yà, Glass sì wo àwòrán náà kọ orin. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Avignon nílẹ̀ Faransé ní 1976, ó tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún láìsí ìsinmi, òǹwòran sì lè jáde kó wọlé nígbà tó bá wù ú. Èmi náà lo àǹfààní yẹn: mo dìde lọ wo ẹ̀wà mi lórí iná, mo bu omi sí i, mo padà dé, ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n pè ní bẹ́ẹ̀dì ṣì ń rọra nàró.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo kọ ọ́ fún olórí wa. Mo ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan lára àwọn eré kékeré tó so ìran mọ́ra ni orin yẹn; Orúnkún (Knee Play) ni Wilson pè wọ́n, márùn-ún sì ni wọ́n. Ọ̀gá dìde, ó ní, "Ó ku mẹ́rin."