Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Koríko Ẹran Ọ̀sìn Kí Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Dé

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, òjò sábà máa ń dá nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, kì í sì í padà fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹrin. Bí koríko bá kú láàárín ìgbà náà, ọ̀dá ni gbogbo ènìyàn ń bú. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ pápá ni ọwọ́ olóko ti ṣe léṣe láti ìgbà òjò, tí ẹ̀ẹ̀rùn kàn wá parí iṣẹ́ náà.

Èyí tí mo máa ń rí jù ni gígé koríko mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi dòjé gé Panicum, irú koríko gíga kan tí a ń gbìn fún ẹran, ẹ tẹjú mọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa: ìsàlẹ̀ pòpórò náà funfun díẹ̀, ó sì ki ju òkè lọ. Ibẹ̀ ni ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ. Ẹni tí ó gé e kan ilẹ̀ ní oṣù kẹwàá, nítorí pé ó fẹ́ kó púpọ̀ jọ, ti já oúnjẹ tí ì bá gbé e la ọyẹ́ já gbà lẹ́nu rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ yóò kúrú, kò sì ní lè dé ibi tí ọ̀rinrin ṣẹ́ kù sí nísàlẹ̀. Ẹ fi nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, ìyẹn bí ìbú ọwọ́ méjì. Màlúù tí ó ń jẹ ojú kan náà lójoojúmọ́ burú ju dòjé lọ, nítorí pé ọ̀mùnú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá.

Àwọn mìíràn ṣe òdì kejì rẹ̀. Wọ́n fi koríko sílẹ̀ títí ó fi ga, tí ó so, tí ó sì gbó, wọ́n wá ń yọ̀ pé àwọn ní oúnjẹ púpọ̀. Koríko tí ó ti gbó báyìí lè má ní tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún púrótéènì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú àpòlúkù kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹran á yó, á sì máa rù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn gígé ìṣáájú ni ó yẹ kí a tún gé e, kí a sá a ní kíákíá, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Ewé Stylosanthes tàbí ti Gliricidia, àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn tí ẹran ń jẹ, tí ó ní púrótéènì ju ti koríko lọ, lè dí àlàfo tí ó bá kù.

Àṣìṣe kẹta ni gbígbin irú kan ṣoṣo sí gbogbo ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Embrapa ní Bràsíì gbé irú koríko Brachiaria kan tí wọ́n ń pè ní Marandu jáde ní ọdún 1984, ó sì dára débi pé ó gba pápá lọ rẹrẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n gbìn ín dé àwọn ilẹ̀ olómi ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, gbòǹgbò rẹ̀ kò lè fara da omi tí ń dúró, pápá ńláńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tí ó ní àkùrọ̀ níhìn-ín kò gbọdọ̀ ra irúgbìn nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan. Èyí tí ó ń la ọ̀dá já lórí òkè lè rà ní bèbè odò.

Ní ti irúgbìn Panicum, ẹ má gbin èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, nítorí pé ó máa ń sùn fún oṣù mélòó kan kí ó tó lè hù, ẹ má sì rì í jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Èyí tí ó ń pa ẹran ní tààràtà ni ọkà bàbà tí ọ̀dá mú. Bí òjò bá dá lé e lórí, tí ó sì tún padà rọ̀, ewé tútù tí yóò yọ máa ń fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n irú májèlé tí ó wà nínú pákí tí a kò rẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má da màlúù tí ebi ń pa sínú rẹ̀ kí ó tó ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Bí kò bá sí oúnjẹ mìíràn, ẹ gé e, kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ kí ẹ tó fún wọn, nítorí pé púpọ̀ nínú májèlé náà máa ń bá ọ̀rinrin lọ.