Bí mo ṣe sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé Dádì wọn ti kú

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, èmi ni ẹbí ní kí n bá àwọn ọmọ sọ ọ́, torí èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Sọ́ńdè sukúù, ìyá wọn ò sì lè la ẹnu sọ ọ́ rárá. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 7, èyí obìnrin ọdún 4.

Àwọn àgbà fẹ́ kí n ní Dádì rìnrìn àjò. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tẹ́ ẹ bá sọ ìyẹn fún á máa wo géètì lójoojúmọ́ ni, tó bá yá á ní bàbá òun kọ òun sílẹ̀. "Wọ́n ń sùn" náà ò dáa, ọmọ á wá máa bẹ̀rù oorun. Èyí tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ni "Jésù ló fẹ́ràn Dádì tó fi mú wọn lọ", ọmọ tó gbọ́ ìyẹn, ṣé ó tún lè fọkàn balẹ̀ gbàdúrà sí Jésù, tí ẹ̀rù ò ní máa bà á pé mọ́mì ló kàn?

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, mo ní, "Dádì ṣàìsàn gan-an, ara wọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ti kú. Kì í ṣe nǹkan kan tẹ́ ẹ ṣe ló fà á o." Ẹ má gbàgbé gbólóhùn kejì yẹn, torí ọmọdé máa ń di ẹ̀bi ru ara ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin bú sẹ́kún. Obìnrin ní òun fẹ́ bísíkíìtì, ó lọ ṣeré, bọ́mọdé ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á ṣeré, wọ́n á tún padà sí i. Gbogbo ìgbà ló ń bi mí pé ìgbà wo ni Dádì máa dé, ìdáhùn kan náà ni mò ń fún un.

Àwọn kan ti sọ fún ọkùnrin pé kó má sunkún, pé òun ni bàbá ilé báyìí. Ọmọ ọdún 7! Mo ṣí Jòhánù orí 11 fún un, níbi tí Jésù ti sunkún lórí Lásárù ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó kú, kó tó jí i dìde. Ó wò mí, ó ní, "Kí ló dé tí kò jí Dádì tèmi?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo wá fi hàn án pé Màtá àti Màríà náà sọ fún Jésù pé ká ní ó wà níbẹ̀ ni, Lásárù arákùnrin àwọn ò bá má kú, Jésù ò sì bá wọn wí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó gbàdúrà, "Jésù, inú ń bí mi." Mo ṣe àmín.

Kó tó di ọjọ́ ìsìnkú mo ti sọ gbogbo nǹkan tí wọ́n máa rí fún wọn: pósí, iyẹ̀pẹ̀, àwọn tó máa pariwo ẹkún. Obìnrin béèrè báwo ni Dádì ṣe máa mí nínú àpótí yẹn. Mo ní òkú kì í mí, nǹkan kan ò dun Dádì mọ́, Jésù sì ṣèlérí pé òun máa jí wọn dìde.

Ọkùnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, a ò nà án, a kàn ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, a sọ fún tíṣà ẹ̀ náà. Fìlà àti aago Dádì wà nínú páálí bàtà kan, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbé e jáde. Ìyá wọn ti wá ń bá wọn gbàdúrà alẹ́ fúnra wọn báyìí, èmi kàn ń yà lọ́dọ̀ wọn ní Sátidé.