Ìrírí Mi: Bí A Ṣe La Gọ́tà Agbeni, àti Ibi Tí Ẹrọ̀fọ̀ Rẹ̀ Gba Owó Mi Lọ

Ṣúgà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbeni, nílùú Ìbàdàn, mo sì bá omi tó mu mí dé kókósẹ̀ nínú ilé. Àpò ṣúgà mẹ́rin tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ti yọ́ dànù, páálí mílíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta àpò ṣúgà kan lóde òní yóò mọ̀ pé ariwo tí mo pa láàárọ̀ ọjọ́ náà kò pọ̀ jù. Òrùlé kò jò, òjò náà kò sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gọ́tà iwájú ilé wa ló ti dí dé ẹnu, tí omi kò fi rí ibòmíràn gbà ju ẹnu ọ̀nà wa lọ.

Ìsàlẹ̀ ni a wà. Omi tó ń dà sílẹ̀ lórí páànù àwọn ilé Òkè Mápó ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa kó tó wá odò Ògùnpa lọ. Ìyá mi, tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí ṣáájú mi, kì í dárúkọ Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 láì káwọ́ lé orí: ọjọ́ Àìkú ni, Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Èmi fúnra mi rí ti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí afárá wó nílùú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aládùúgbò kan ní kí a fi gọ́tà sílẹ̀ títí ìjọba yóò fi dé, mo ní èmi kò ní ṣúgà tí mo fẹ́ fi dúró de ìjọba.

Bí a ṣe ṣèpàdé àti bí a ṣe dáwó kò yẹ kó gba àkókò yín. Ṣọ́ọ̀bù 17 ni wá, ₦4,000 ni a bù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 14 san, àwọn mẹ́ta yòókù ṣì ń lọ mú tiwọn wá láti ilé títí di òní. A gba géńdé mẹ́rin, ₦7,000 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọjọ́ méjì gbẹ́ gọ́tà náà dé ìsàlẹ̀. ₦56,000 tí a rí dá gan-an ló tán sórí wọn. Mo fi ìṣirò yẹn yangàn níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá kan tó lẹ táìsì sórí kọnkéré tó fi bo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́ dá wa dúró, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dígà kan táìsì òun. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ títí tó gbà, abẹ́ táìsì yẹn la ti bá taya ọkọ̀, fóòmù ìbùsùn, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti ki pọ̀ di odindi ògiri. Mo pè é kó wá wò ó. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò tẹ́lẹ̀ ni ibi tí ẹrọ̀fọ̀ náà yóò gbà lọ. Lójú tiwa, ẹni tó ti gbẹ́ gọ́tà ti parí iṣẹ́, àwọn géńdé sì ti gba owó wọn lọ, wọ́n fi òkìtì dúdú, tó ń rùn, sílẹ̀ fún wa létí ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀. Àwọn ọlọ́mọlanke tó máa ń kó pàǹtírí wa nírọ̀lẹ́ ni mo kọ́kọ́ pè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi igi gún òkìtì náà, ó wò ó bó ṣe ń ṣomi, ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, èyí kì í ṣe ilẹ̀, omi ni. Kí n tó gbé e dé Dùgbẹ̀, á ti dà sára àwọn èèyàn tán.”

Mo gbọ̀nà ọ́fíìsì kan lọ, tó yẹ kó mójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú lẹ́tà dé, wọ́n ní ẹni tó ń gba lẹ́tà ti lọ síbi ìsìnkú. Lọ́jọ́rùú, ẹni náà gbà á, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó wá bi mí bóyá a gba àṣẹ kí a tó gbẹ́ gọ́tà ìjọba. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, dísù ni kò sí, àti pé bí àwa ọlọ́jà bá lè ran ìjọba lọ́wọ́ díẹ̀, nǹkan lè yá. Mo bi wọ́n pé kí ni gọ́tà tí a fi owó ara wa gbẹ́ ń jẹ́, bí kì í bá ṣe ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ní kí n má bínú, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, màmá tó ń ta ata gígún ní òdìkejì ọ̀nà dá mi dúró. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí gọ́tà dí, ilé yín lomi ń wọ̀. Ẹ wá la gọ́tà tán, èmi lẹ wá gbé òórùn rẹ̀ fún.” Òótọ́ ló sọ, ó sì ju ìyá mi lọ, nítorí náà mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n fún wa di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò kò fún wa di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà, mo gbọ́ ọ lórí páànù, mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń ṣírò owó tó ń ṣàn padà sínú gọ́tà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdajì òkìtì náà ti wọlé padà, ìyókù ti tẹ́ sí ojú ọ̀nà bí ẹni rẹ́ ilé.

Awakọ̀ Micra kan tí taya rẹ̀ rì sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló là mí lójú, ó sì fi èébú bá a rìn. Ó ní àwọn onítípà tó ń já yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé máa ń padà lófìfo lọ́sàn-án, kí ni mo wá ń wá lọ́fíìsì? Mo bá onítípà kan sọ̀rọ̀, ó gbà, bí a bá lè di ẹrọ̀fọ̀ náà sínú àpò. A ra àpò òfìfo 130 ní ₦100 lọ́kọ̀ọ̀kan, a pe àwọn géńdé mẹ́rin náà padà fún ọjọ́ kan, ₦28,000, a sì to àwọn àpò náà sórí búlọ́ọ̀kù mọ́jú kí omi wọn lè ro. Ìgbà méjì ni típà lọ sí ààtàn ní Awótán, ₦40,000 nígbà kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ₦56,000 ti àkọ́kọ́, àpapọ̀ rẹ̀ di ₦177,000. Nígbà tí a tún dáwó, ₦40,000 péré ló wọlé, èmi ni mo sì fi ₦81,000 tó kù kún un. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bí mo bá tún un ṣe, típà ni màá kọ́kọ́ bá ná ọjà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì, àpò á sì wà nílẹ̀ kí ẹrọ̀fọ̀ máa bọ́ sínú rẹ̀ tààrà. Oṣù kejì ni màá ṣe é, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, tí ẹrọ̀fọ̀ fúyẹ́, tí òjò kò sì ní lè bá wa du iṣẹ́. Màá tún ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí òkè la ti bẹ̀rẹ̀, omi tí a là sílẹ̀ sì ń bá àwọn géńdé lẹ́yìn ní gbogbo ọjọ́ kìíní.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú oṣù keje bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wo omi bó ṣe ń sáré kọjá nínú gọ́tà, tí kò tilẹ̀ bojú wo ẹnu ọ̀nà mi. Màmá aláta na agboòrùn sí mi láti òdìkejì, wọ́n ní, “O káre, ọmọ mi.” Orí mi ṣì ń wú tí ọmọ iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí kò sanwó fi jáde, tó ju páálí Indomie sínú omi náà lójú mi kòrókòró. Mo lé e nínú òjò títí dé igun, mo gbé páálí náà padà fún ọ̀gá rẹ̀.

Àpò 14 ló ṣẹ́ kù nínú 130 tí a rà. Mo ká wọn sẹ́yìn ṣúgà, lórí pákó tí mo ti fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè.