Ṣé kòkòrò ibà ni, àbí wáyà?

Àbúrò mi kan tó ń fi patch clamp ṣèwádìí ibà ní Ilé-Ifẹ̀ ló béèrè. Iṣẹ́ náà ni ká fi ẹnu pipette onígíláàsì lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀, ká lè ka iná tó ń gba ara awọ náà kọjá.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á máa jó. Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, àmọ́ iná ìjọba náà ò yàtọ̀.

Ìdáhùn: Wo àárín orí ìgbì kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ 20 mílísẹ́kọ́ńdì, 50 Hz ni, iná ilé ló ń ráyè wọ iṣẹ́ rẹ. Yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Pa fáánù. Kó gbogbo wáyà ẹ́ẹ̀tì lọ sójú kan ṣoṣo. Bí kéèjì irin tó bo ẹ̀rọ bá ní tirẹ̀, tí máíkírósíkópù náà ní tirẹ̀, wọ́n á para pọ̀ di òrùka tó ń kó ariwo jọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi nu wáyà nígbà tèmi, àṣé gílóòbù gbọọrọ òkè orí mi ni. Oníná tí mo pè wá láti Lágéré kàn pa á ni, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè: Pipette ò lẹ̀. 200 megaohm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó, ló ń dúró sí.

Ìdáhùn: Ó gbọ́dọ̀ kọjá 1,000. Fa gíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ tó o máa lò ó, sẹ́ omi iyọ̀ rẹ, máa fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ síta lẹ́nu rẹ̀ títí á fi kan sẹ́ẹ̀lì, kó o wá rọra fà á mu. Èyí tó bá ti kan sẹ́ẹ̀lì tí kò lẹ̀, jù ú nù.

Ìbéèrè: Ó lẹ̀ lánàá, ẹ̀gbọ́n! Iná ńlá ni mo rí. Ṣé ọ̀nà tí kòkòrò náà là sára awọ sẹ́ẹ̀lì ni, àbí ihò lásán tó ń jò?

Ìdáhùn: Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Lọ́dún 2000 ni Sanjay Desai, olùṣèwádìí ibà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé awọ sẹ́ẹ̀lì tó ní kòkòrò ibà ń gba iná kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po 150 ti èyí tí kò ní. Torí náà, mú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní kòkòrò nínú abọ́ kan náà. Bí iná tiẹ̀ náà bá tóbi, ó ń jò ni. Bó o bá ń yí fóltéèjì padà tó o sì ń ya iná tó ń kọjá, èyí tó ń jò máa ń fa ìlà tó gún. Ti ọ̀nà kòkòrò máa ń tẹ̀, ó ń pọ̀ sí i lápá fóltéèjì nẹ́gẹ́tíìfù. Da furosemide sí i, oògùn tí wọ́n máa ń fún ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ wú kó lè máa tọ̀ yẹn: iná ọ̀nà kòkòrò á lọ sílẹ̀, ihò ò mọ oògùn.

Kó o tiẹ̀ tó tan ẹ̀rọ, bu sorbitol 5%, irú ṣúgà kan, sára sẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Ọ̀nà yẹn kan náà ló ń gbà wọlé. Àwọn tí kòkòrò inú wọn ti dàgbà á wú, wọ́n á bẹ́. Bí wọn ò bá bẹ́, kòkòrò rẹ ṣì kéré. Máa lọ sílé, kó o padà wá lọ́la.